Alick Isaacs: Ẹni tó Ṣàwárí Ońṣẹ́ inú Ara

Bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kan bá pọ́n, àwa Yorùbá a máa pè é ní ibà pọ́njú, àwọn Hausa a sì máa pè é ní shawara. Nínú orúkọ méjèèjì, kò sí èyí tó sọ ohun tó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀dọ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló ń bá a jà, ó sì lè jẹ́ àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ là wá lójú nípa bí àwọn ọmọ ogun yìí ṣe ń gbọ́ ìpè ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Ìlú Glasgow ní Scotland ni a bí Alick Isaacs sí lọ́dún 1921. Ó gboyè dókítà níbẹ̀ lọ́dún 1944, ṣùgbọ́n ìwádìí ló wù ú. Lọ́dún 1948 ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Macfarlane Burnet ní Melbourne, ní Australia. Nígbà tó padà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìṣègùn ní Mill Hill, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Níbẹ̀ ni òun àti Jean Lindenmann, ará Switzerland, ti ṣe ìdánwò kan tí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 1957. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì influenza tí iná ti pa sára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹyin adìyẹ. Omi tí wọ́n gbà lára awọ náà ni wọ́n dà sára awọ tuntun, fáírọ́ọ̀sì alààyè kò sì ráyè gbilẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Pírótíìnì kan ló wà nínú omi náà. Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá kàn ń fi í ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀ kó múra ogun. Interferon ni wọ́n pè é.

Àwọn onímọ̀ kan kò gbà á gbọ́, nítorí ìwọ̀nba tí wọ́n ń rí kéré jọjọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá Isaacs jà, ẹ̀jẹ̀ sì ya sí i ní ọpọlọ lọ́dún 1964. Ó kú ní January 1967, lẹ́ni ọdún 45.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ́dún 1956, ní ilé ìwádìí tí Isaacs ti kọ́ṣẹ́ ní Melbourne, Ian Mackay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àrùn ẹ̀dọ̀ kan tí wọ́n fura pé ara ló ń bá ara jà. Lónìí a mọ̀ pé interferon gamma, ọmọ ẹbí ońṣẹ́ yìí, wà lára àwọn tó ń dáná sí ogun náà. Lọ́dún 1991 àti 1992, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí interferon alpha fún hepatitis C àti B. Ó wo àwọn kan sàn, ṣùgbọ́n lára àwọn díẹ̀, òun gan-an ló jí ogun abẹ́lé dìde nínú ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Prednisolone tó ń pa iná ogun abẹ́lé lè jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì hepatitis B gbérí, interferon tó ń lé fáírọ́ọ̀sì sì lè ru ogun abẹ́lé sókè. Nítorí náà, bí ojú bá pọ́n, ẹ má ṣe fi àgbo tàbí oògùn ọjà dán an wò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ mọ ọ̀tá tó wà nílé kí ẹ tó gbé ìbọn.