Otto Wichterle: Ọkùnrin tó mú ìrọ̀rùn bá awò inú ojú

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń fi lẹ́ǹsì sínú ojú lónìí ni kò mọ̀ pé gíláàsì tàbí ike líle ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́, tó máa ń ha ẹyinjú bíi yanrìn. Otto Wichterle, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Czechoslovakia, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, 1913 ni wọ́n bí i sí ìlú Prostějov. Nígbà tí àwọn Jámánì gba ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ti yunifásítì pa, ilé-iṣẹ́ bàtà Baťa ló lọ. Ní 1942, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Jámánì tì í mọ́lé.

Lẹ́yìn ogun, òun àti Drahoslav Lím ṣe ike kan tó ń mu omi. Bó bá gbẹ, á le. Bó bá mumi, á rọ̀. Nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 rẹ̀ ló máa ń jẹ́ omi. Omi yìí ni ojú ń fẹ́.

Ní 1958, wọ́n lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń kọ́ni, nítorí òṣèlú. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ kò fẹ́ iṣẹ́ lẹ́ǹsì náà mọ́. Ló bá gbé e lọ sílé. Nígbà Kérésìmesì 1961, ó to irin ìṣeré ọmọdé pọ̀, ó fi dáínámò kẹ̀kẹ́ yí i bírí, ó sì ṣe lẹ́ǹsì rírọ̀ mẹ́rin. Linda ìyàwó rẹ̀ bá a ṣe púpọ̀ sí i.

Ìjọba ta ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní 1971, wọ́n fọwọ́ sí títà rẹ̀ níbẹ̀. Èrè tó kan ẹni tó ṣe é kéré gan-an. Ní 1970 pàápàá, wọ́n ti yọ ọ́ nípò olórí ibùdó ìwádìí, torí pé ó fọwọ́ sí ìwé tó ń béèrè òmìnira ní 1968. Ìgbà tí ìjọba yí padà ni wọ́n fi í ṣe ààrẹ àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1990. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, 1998.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni lẹ́ǹsì sílíkóònù gbòde. Ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn dé ẹyinjú dáadáa, ṣùgbọ́n sílíkóònù kì í gba omi mọ́ra. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é fi ń bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fa omi. Ọ̀nà tí Wichterle là náà ni.

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kò sì ju iṣẹ́ sílẹ̀. A lè gba àga lábẹ́ ẹni, a kì í gba ọgbọ́n orí rẹ̀. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: kí wọ́n má fi omi ẹ̀rọ fọ lẹ́ǹsì, kí wọ́n má sì yá ara wọn lò.