PA ANTONIO TI ÈKÓ: ÀDÚRÀ KÒ DÚRÓ DE FÁDÀ

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí: bí kò bá sí Fádà, bí kò bá sí Mísà, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò bá dún rárá, ǹjẹ́ àdúrà yóò ṣì máa lọ nínú ilé yín? Ọkùnrin kan wà ní Èkó tí ó fi ìgbé ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Pa Antonio ni wọ́n ń pè é.

Ẹrú ni tẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ọ̀dọ̀ àwọn Fádà ẹgbẹ́ Kámẹ́lì ní Bàhíà ni ó ti kọ́ ìgbàgbọ́. Nígbà tí ó gba òmìnira, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó, ó sì ń gbé láàárín àwọn tí a mọ̀ sí Àgùdà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bàhíà ní ọdún 1835 ni irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ní etíkun wa. Wọ́n gbé ìgbàgbọ́ wọn bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bá Fádà kan ṣoṣo ní Èkó. Kò sí ẹni tí yóò ṣe Mísà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Pa Antonio kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ọparun ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ ọdún, ó ń pe àwọn èèyàn jọ síbẹ̀; wọ́n ń ka ròsárì àti lítánì, wọ́n sì ń kọrin. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù. Àwọn kan ń pè é ní Padre, èyí tí í ṣe Fádà ní èdè Pọtogí, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù kankan kò gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì lè ṣe Mísà.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Kànga tó gbẹ kì í fún ará ilé lómi. Ẹni tí kò ní àdúrà nínú ara rẹ̀ kò lè fi darí ẹlòmíràn. Olówó ẹrú lè gba aṣọ, ó lè gba orúkọ, ṣùgbọ́n àdúrà tí a mọ̀ sórí, tí ó sì ti wọnú ọkàn, kò sí ẹni tí ó lè gbà á.

Ní ọdún 1863, Fádà Francesco Borghero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ti Wídà wá sí Èkó. Ó bá àwọn tí ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò dúró. Ọdún 1868 ni Fádà Pierre Bouche tó wá láti máa gbé ibẹ̀. Ọdún márùn-ún! Ìjọ ni ó bá níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo.

Ẹ̀yin ará Òrù, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, láti ọdún 1969 ni a ti ní bíṣọ́ọ̀bù tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fádà wà, Mísà wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti gbé iṣẹ́ àdúrà lé Fádà lọ́wọ́ pátápátá. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, a ó san owó Mísà, a ó sì padà lọ sùn. Ròsárì wà, ara dígí ọkọ̀ ni ó ń rọ̀ sí. Mísà ni orí àdúrà gbogbo, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, àlejò ni yóò jẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nítorí náà, ẹ wá igun kan nínú ilé, ẹ yan àkókò kan tí ẹ kò ní yẹ̀, bóyá kí àwọn ọlọ́kadà tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ mú ìdá kan ṣoṣo nínú ìdá márùn-ún ròsárì, ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ níwájú Olúwa. Ẹ pe àwọn ọmọ mọ́ra. Bí ọkàn yín bá gbẹ, tí ó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ẹ rántí ọdún márùn-ún yẹn, kí ẹ má ṣe dáwọ́ dúró.

Kí Olúwa sọ ilé kọ̀ọ̀kan wa di ilé àdúrà. Àmín.