Al-Sufi àti Màlúù Ojú Sánmà

Bí a bá ń dárúkọ àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí àtijọ́ fún àwọn ọmọ wa ní ilé-kéwú, ó yẹ kí a máa mẹ́nu ba Abdur-Rahman al-Sufi.

Ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 903. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọba Adud al-Dawla, ẹni tí ó máa ń fi yangàn pé al-Sufi ni olùkọ́ òun nínú ìmọ̀ ìràwọ̀.

Ìwé Batlamiyus, tí ó ti lé ní 800 ọdún nígbà náà, ni gbogbo ayé gbára lé. Ohun tí ó dun al-Sufi ni pé ọ̀pọ̀ ń dà á kọ láì gbé ojú sókè. Òun ní tirẹ̀ a máa wo ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, a sì tún èyí tí Batlamiyus ṣì kọ ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 964 ni ó kọ ìwé tirẹ̀, tòun ti àwòrán. Nínú rẹ̀ ni ó ti tọ́ka sí ìkùukùu kékeré kan lẹ́nu àwòrán ẹja. Agbo ìràwọ̀ Andromeda ni; ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lò ju 2,000,000 ọdún lọ lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màlúù ni ó wù mí jù. Àwọn ará Tihama, létí Òkun Pupa, ń sọ pé nǹkan funfun kan wà nísàlẹ̀ ìràwọ̀ Suhayl tí àwọn ń pè ní al-Baqar, èyíinì ni màlúù. Wọn kì í rí i láti Iraq. Al-Sufi kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi kún un pé Batlamiyus kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àti pé òun kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Olùkọ́ ọba mà ni! Bí ó bá sọ pé òun rí i, ta ni ìbá já a nírọ́?

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé agbo ìràwọ̀ kan tí kò ní ìrísí gúnmọ́ ni àwọn ará Tihama ń wí. Orúkọ Magellan, atukọ̀ ará Pọtogí, ni wọ́n fi ń pè é lónìí, bẹ́ẹ̀ ó ju 500 ọdún lọ lẹ́yìn ikú al-Sufi kí Magellan tó gbéra ní 1519. Ẹni tí ó bá ní awò kékeré tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn lè ya fọ́tò rẹ̀ nísinsìnyí ní ẹ̀yìnkùlé: yóò jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ pẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín náà lè kó jọ.

Al-Sufi kú ní Shiraz ní ọdún 986. Kò rí i, nítorí kì í yọ níbẹ̀ rárá. Ó ń yọ lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ nínú oṣù January, ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ wá Suhayl tí ń tàn yòò, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún, nítòsí ilẹ̀, bí ọyẹ́ bá gbà.