Abu Hanifa, Aláṣọ Tí Kì Í Fi Àbùkù Pamọ́

Họ́lidé tó kọjá, mo wà ní ìsọ̀ aṣọ òfì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n màámi obìnrin ní Ìsẹ́yìn. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nínú ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ahunṣọ lọ́jọ́ náà, ẹtù kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. Méjì nínú àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán pọ̀ kò dúdú tó ìyókù. Ìyá Aláṣọ ní kí n ká aṣọ náà kí ibẹ̀ lè bọ́ sínú. Mo ká a dáadáa. Kò pẹ́, ìyá kan dé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń wá aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wọn. Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ná an, wọ́n sanwó. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà fún mi pé ọjà mi á máa tà. Àdúrà yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn nílé kéwú, àáfà wa dárúkọ Imam Abu Hanifa, wọ́n ní aláṣọ ni. Mo yà á sí ọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, onímọ̀ òfin ẹ̀sìn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, mo sì ń kà nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí fún ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa.

Nu'man ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Thabit ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ìlú Kufa ní ilẹ̀ Ìráàkì ni wọ́n ti bí i, ní ọdún 80 lẹ́yìn Hijira, ìyẹn ọdún 699. Ìdílé rẹ̀ kì í ṣe Lárúbáwá, ìran Páṣíà ni wọ́n. Òwò aṣọ ni wọ́n ń ṣe, pàápàá aṣọ olówó iyebíye kan tí wọ́n ń pè ní khazz, tí òwú sílíkì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa o. Àlàárì tí à ń hun níbí, àwọn onímọ̀ sọ pé inú al-harir ni orúkọ rẹ̀ ti wá, bí Lárúbáwá ṣe ń pe sílíkì nìyẹn. Òwú sílíkì pupa tí àwọn oníṣòwò fi ràkúnmí kó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ni àwọn baba wa fi ń hun ún láyé àtijọ́. Aláṣọ ni Abu Hanifa, ìlú aláṣọ sì ni tiwa.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọjà ló ń lọ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, àgbà onímọ̀ kan tó ń jẹ́ al-Sha'bi pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Abu Hanifa dárúkọ oníṣòwò kan. Al-Sha'bi ní kì í ṣe ti ọjà lòun ń bi í, ọ̀dọ̀ onímọ̀ wo ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ekukáká lòun fi ń yà sọ́dọ̀ wọn. Àgbà náà gbà á níyànjú pé kó má fi ọpọlọ tó ní ṣòfò, kó wá ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ bá Hammad, olùkọ́ ńlá kan ní Kufa, ó sì jókòó tì í fún nǹkan bí ọdún 18. Nígbà tí Hammad kú ní ọdún 120 lẹ́yìn Hijira, Abu Hanifa ni wọ́n ní kó jókòó sí àyè rẹ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti gbà mí lọ́kàn nìyí: kò pa ìsọ̀ rẹ̀ tì. Ó ń kọ́ni ní mọ́ṣáláṣí, ó sì ní àwọn alájọṣe tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Torí náà, bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa rírà àti títà, kì í ṣe ohun tó kàn kà nínú ìwé. Ó mọ bí oníbàárà ṣe ń náwó, ó mọ ibi tí irọ́ máa ń sá pamọ́ sí nínú ọjà.

Wọ́n ròyìn pé obìnrin kan gbé aṣọ sílíkì wá fún un pé kó rà á. Iye tó pè é ni 100. Abu Hanifa wò ó, ó ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà fi 100 lé e, ó ní ó ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí ló ń fi kún un títí ó fi dé 400, Abu Hanifa sì tún ní kò tíì tó. Obìnrin náà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó bá ní kó lọ pe ẹni tó mọ aṣọ wá kó díye lé e. Nígbà tí onítọ̀hún dé, 500 ni Abu Hanifa ra aṣọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tí wọ́n á gbé ọjà wá bá ní ọ̀pọ̀ tí kò ní sáré sanwó kí ọlọ́jà tó yí ọkàn padà? A tiẹ̀ máa ń pè é ní oríire. Lójú Abu Hanifa, àìmọ̀kan ẹlòmíì kì í ṣe èrè fún un.

Arúgbó kan náà wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò lówó, kó jọ̀ọ́ kó ta aṣọ kan fún òun ní iye tó rà á. Abu Hanifa ní kó mú dirham 4 wá. Màmá náà bínú, ó ní kó má fi arúgbó ṣẹ̀sín. Ó wá ṣàlàyé fún un pé aṣọ méjì lòun rà pọ̀, òun ti ta ọ̀kan, dirham 4 péré ló sì kù kí owó tí òun fi ra méjèèjì fi pé. Irú ọjà báyìí ní orúkọ nínú òfin Ìsìláàmù: ọjà ìfọkàntán. Ẹni tó ń rà ò mọ iye tí o rà á, ẹnu rẹ ló gbára lé. Bó o bá wá bura pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lo rà á, tó sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, o ti jalè, kódà bí onítọ̀hún bá ń rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Ìtàn tó gún mi lọ́kàn jù ni ti Hafs. Alájọṣe Abu Hanifa ni, òun ló máa ń kó ọjà lọ tà. Lọ́jọ́ kan, Abu Hanifa di ẹrù aṣọ fún un, ó sì sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn ní àbùkù báyìí-báyìí, bó bá fẹ́ tà á, kó fi han oníbàárà. Hafs ta gbogbo ọjà náà, ó gbàgbé láti sọ. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, ó kàn gbàgbé ni. Wọn ò sì mọ ẹni tó ra aṣọ náà mọ́. Nígbà tí Abu Hanifa gbọ́, gbogbo owó ọjà náà ló fi ṣe sàárà. Àwọn kan tiẹ̀ ní 30,000 dirham ni. Ẹ sì kíyè sí i: kì í ṣe owó aṣọ kan yẹn nìkan, gbogbo rẹ̀ ni, torí owó náà ti pò mọ́ra wọn. Lẹ́yìn náà, òun àti Hafs pín gaari nínú òwò.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Hafs gbàgbé. Èmi ò gbàgbé, ọwọ́ mi ni mo fi ká aṣọ.

Abu Hanifa kọ́ ló dá ìlànà yìí sílẹ̀. Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ rí lọ́jà, ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó bá a pé ìsàlẹ̀ tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló rọ̀ sí i. Ànọ́bì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Kò sọ pé kó má tà á. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọjà tó ní àbùkù ṣeé tà, pípa àbùkù náà mọ́ ni èèwọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà bó bá rí àbùkù tí wọ́n fi pamọ́ fún un.

Abu Hanifa tún ṣọ́ra fún owó èlé gidigidi. Wọ́n ní ó jẹ́ kí ọkùnrin kan jẹ òun lówó, nígbà tó sì lọ sílé onítọ̀hún nínú oòrùn, ó kọ̀ láti dúró sábẹ́ òjìji ilé rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí òjìji yẹn má lọ di èrè lórí owó tó yá a. Wọ́n tún ròyìn pé àgùntàn kan sọnù ní Kufa, olè ló gbé e. Abu Hanifa béèrè iye ọdún tí àgùntàn ń lò láyé, wọ́n ní ọdún 7. Ọdún 7 ni kò fi fẹnu kan ẹran àgùntàn, kó má bàa jẹ ti olólè.

Ẹnì kan lè ní olówó ni, ó rọrùn fún un. Òótọ́ ni pé ó lówó. Àmọ́ ibi tó ń ná an sí la máa wò. Ó máa ń kó èrè rẹ̀ jọ lọ́dọọdún, á fi ra oúnjẹ àti aṣọ fún àwọn onímọ̀, á pín èyí tó kù fún wọn, á sì ní Ọlọ́hun ni kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abu Yusuf jẹ́ ọmọ tálákà. Abu Hanifa ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ kó lè kàwé. Ọmọ yẹn ló wá di adájọ́ àgbà pátápátá nígbà ìjọba Harun al-Rashid.

Òwò rẹ̀ ló jẹ́ kó lè dá dúró níwájú àwọn aláṣẹ. Gómìnà Ìráàkì nígbà náà, Ibn Hubayra, fẹ́ kó gbapò lábẹ́ òun. Ó kọ̀, wọ́n sì nà án ní pàṣán. Nígbà tí ìjọba yí padà, kálífà al-Mansur ní kó wá ṣe adájọ́. Abu Hanifa ní òun ò tóótun. Kálífà ní irọ́ ló ń pa. Ó dá a lóhùn pé bó bá jẹ́ irọ́ lòun pa, ṣé ó yẹ kí wọ́n fi òpùrọ́ ṣe adájọ́? Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ní ọdún 150 lẹ́yìn Hijira, ìyẹn 767, ó kú ní Baghdad. Àdúgbò tí wọ́n sin ín sí ni wọ́n ń pè ní al-A'zamiyya dòní, mọ́ṣáláṣí rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Lójú òfin ẹ̀sìn, Imam Malik ni àwa níbí ń tẹ̀lé, kì í ṣe Abu Hanifa. Àmọ́ lórí pé kí ọlọ́jà má fi àbùkù pamọ́, ẹnu wọn kò. Ó kan ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí tó bu èyí tó funfun sí ojú àpò. Ó kan ẹni tó tẹ ìdí kóńgò wọlé. Ó kan èmi náà.

Mo sọ ìtàn Hafs fún Ìyá Aláṣọ. Wọ́n kọ́kọ́ bínú. Wọ́n ní ta ló ń sọ àléébù ọjà ara rẹ̀, ṣé kébi pa wá ni? Mi ò fèsì, àgbà ni wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, oníbàárà kan dé. Ìyá Aláṣọ fúnra wọn ṣí aṣọ kan sílẹ̀, wọ́n nawọ́ sí ibi tí òwú ti já tí wọ́n so ó ní kókó, wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù. Oníbàárà náà rà á. Ó tiẹ̀ mú òmíràn mọ́ ọn, ó ní wọn ò tíì fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han òun rí lọ́jà.

Ìyá tó ra ẹtù yẹn, a ò rí wọn mọ́, a ò sì mọ ilé wọn. Ohun tí Ìyá Aláṣọ fún mi lọ́jọ́ náà, mo ti fi ṣe sàárà, mo ní kí Ọlọ́hun kọ láádá rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n àáfà wa ní ìyẹn ò pa gbèsè náà rẹ́. Bí wọ́n bá tún ya ìsọ̀ wa, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó kí mi.