Ọdún Mẹ́rìnlá Cheikh Anta Diop ní Paris

Ní Pobè àti ní Sakété, kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ pé kí ọmọ gba ìwé ẹ̀rí BAC, kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó sì wọkọ̀ lọ sí yunifásítì Abomey-Calavi. Ohun tí ó ń tẹ̀ lé e ni ó máa ń rú àwọn òbí lójú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ gba ìwé ẹ̀rí licence, inú gbogbo ilé dùn. Kò pẹ́, ọmọ ní òun ń padà lọ. Ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ master. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Bàbá àti ìyá yóò wo ara wọn lójú: kí ni ó kù tí ọmọ yìí kò tíì mọ̀? Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn tí a mú wá lónìí lè fèsì díẹ̀ sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ìtàn Cheikh Anta Diop ni, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ẹni tí ó lo ọdún mẹ́rìnlá ní Paris kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nítorí ohun tí ó kọ nípa Íjíbítì àtijọ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ tí ó ṣe fún èdè abínibí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1923 ní abúlé Caytou, ní agbègbè Diourbel. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré púpọ̀. Ìyá rẹ̀, Magatte Diop, ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ilé kéú ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ, kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn Faransé. Báyìí ni èdè mẹ́ta ṣe pàdé nínú ọmọ kan ṣoṣo: Wolof ní ẹnu ìyá rẹ̀, Lárúbáwá lára wàláà, Faransé nínú ìwé. Ẹni tí ó dàgbà ní ìdílé Mùsùlùmí ní Sakété yóò mọ irú ìgbà èwe bẹ́ẹ̀ dáradára.

Ní ìgbà náà, ìjọba Faransé kò fẹ́ gbọ́ èdè abínibí nínú ilé ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n máa ń fi nǹkan kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn, kí ojú lè tì í. Àwọn àgbà wa tí wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Dahomey, bí a ti ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà, kò gbàgbé rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Diop ṣì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ábídí kan tí a lè fi kọ àwọn èdè Áfíríkà sílẹ̀. Ní ọdún 1945, ó gba ìwé ẹ̀rí BAC méjì, ọ̀kan nínú ìṣirò, èkejì nínú ẹ̀kọ́ nípa ìrònú, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní philosophie.

Ní ọdún 1946, ó dé Paris. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó fẹ́ di ẹlẹ́rọ tí ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, nítorí náà ó wọ kíláàsì ìṣirò ní lycée Henri-IV. Kò jókòó lásán, ó tún forúkọ sílẹ̀ fún philosophie ní yunifásítì Sorbonne. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni ó gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ òfurufú. Ó gba licence rẹ̀ ní ọdún 1948. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀: ní ọdún 1950, ó gba ìwé ẹ̀rí méjì nínú kẹ́mísírì. Ẹni tí ó bá ń wò ó láti òkèèrè lè sọ pé ọmọ yìí kò mọ ohun tí ó fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tiwa ni, a ó ti pe ẹbí jọ. Òun kò rí ẹ̀kọ́ méjèèjì bí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nílò wọn pọ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí oyè ọ̀mọ̀wé jẹ́. Ẹni tí ń wá a kì í jókòó gbọ́ olùkọ́ nìkan. Ó ní láti yan ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn dáadáa, kí ó wá ìdáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan. Ọ̀gá kan yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí ìwé bá parí, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yóò jókòó, wọn yóò bi í ní ìbéèrè níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n tó fún un ní oyè. Àwọn ará Pobè kò ṣàjèjì sí irú sùúrù yìí. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà nílùú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa fi oríṣi ọ̀pẹ kan gba oríṣi mìíràn, wọn a gbin ọmọ rẹ̀, wọn a sì dúró ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ bí èso yóò ti rí.

Nínú gbogbo rẹ̀, yíyan ìbéèrè ni ó le jù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè yan ohun tí yóò tẹ́ àwọn ọ̀gá lọ́rùn, kí ó tètè parí, kí ó wá iṣẹ́ lọ. Diop kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1949, ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Gaston Bachelard láti kọ̀wé lórí ọjọ́ iwájú àṣà àti ìrònú Áfíríkà. Ní ọdún 1951, ó fi ìwé kejì kún un lábẹ́ Marcel Griaule: irú ènìyàn wo ni àwọn ará Íjíbítì ìgbà láéláé? Èrò tirẹ̀ ni pé ènìyàn dúdú ni wọ́n, pé ọ̀làjú wọn jẹ́ ti Áfíríkà, àti pé èdè wọn bá èdè Wolof tan.

Ẹ ronú ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ìgbà náà. Dakar, Porto-Novo àti Pobè wà lábẹ́ àwọn Faransé. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ sọ pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn kankan kí òyìnbó tó dé. Bí ọ̀rọ̀ Diop bá jẹ́ òtítọ́, ìwé wọ̀nyẹn parọ́ nìyẹn. Wọn kò rí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó tó láti jókòó gbọ́ ìwé náà. Bí kò bá sí ìgbìmọ̀, kò sí oyè. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wà nílẹ̀, ẹni tí yóò dá a lẹ́jọ́ kò sí.

Ilé ìtẹ̀wé Présence Africaine ní Paris ni ó gba ìwé náà. Alioune Diop, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl mìíràn, ni ó dá a sílẹ̀. Ìwé náà jáde ní ọdún 1954, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Nations nègres et culture. Akéwì Aimé Césaire yìn ín ní gbangba nínú ìwé tirẹ̀. Báyìí ni ohun tí yunifásítì kò gbà ṣe di ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ń kà láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Diop ti ka ìwé tí J. Olumide Lucas, àlùfáà kan ní ìlú Èkó, tẹ̀ jáde ní ọdún 1948 lórí ẹ̀sìn àwọn Yorùbá, níbi tí ó ti sọ pé láti Íjíbítì ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àti òrìṣà wa ti wá. Diop gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ní tiwa, apá yìí kò lágbára tó ìyókù. Kí ọ̀rọ̀ méjì jọ ara wọn ní ẹnu kò tó láti fi hàn pé ìyá kan ni ó bí wọn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè lónìí kò sì gbà á.

Ohun tí ó wù wá jù nínú ìwé náà wà ní apá tí ó kan èdè. Wọ́n máa ń sọ pé èdè Áfíríkà dára fún orin àti àlọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Diop kò fi ẹnu lásán jà. Ó mú àlàyé tí Paul Langevin, onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ Faransé, ṣe lórí ẹ̀kọ́ Einstein, ó sì yí i sí èdè Wolof. Ó yí apá kan nínú eré Corneille padà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, àti orin orílẹ̀-èdè Faransé. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, ó fi gbòǹgbò èdè náà ṣẹ̀dá rẹ̀. Gbogbo èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ní ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò fi ìwé Wolof ṣe ìdánwò.

Ẹ má ṣe rò pé ó ń ṣe é nínú ìrọ̀rùn. Láti ọdún 1950 sí 1953, òun ni akọ̀wé àgbà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú RDA, tí wọ́n ń béèrè òmìnira. Ní ọdún 1953, ó gbé Louise Marie Maes níyàwó, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí òun náà kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Ìdílé gbọ́dọ̀ jẹun, oyè tí a kò tíì gbà kì í sì í bọ́ ènìyàn. Láti ọdún 1956, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì àti kẹ́mísírì ní lycée Voltaire àti lycée Claude-Bernard. Ní ọdún 1957, ó wọ ilé ìwádìí Frédéric Joliot-Curie ní Collège de France, láti kọ́ nípa agbára tí ó wà nínú àwọn ohun tí ojú kò lè rí. Ní ọdún 1956 kan náà, ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìwé ìwádìí tuntun. Èyí dá lórí ilẹ̀ tí ìyá ti ń jogún àti ilẹ̀ tí bàbá ti ń jogún ní ìgbà àtijọ́. Ó yí ọ̀nà padà, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń lọ kò yí.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1960, ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ní Sorbonne. Wọ́n fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ̀rọ̀ honorable síwájú rẹ̀, dípò très honorable tí ó ga jù. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó yọ kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré náà wúwo. Ẹni tí kò ní i kò rọrùn fún láti di olùkọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí Diop padà sí Sẹ̀nẹ̀gàl ní ọdún náà, ilẹ̀kùn yunifásítì Dakar wà ní títì.

Ilé ìwádìí IFAN ní Dakar ni ó gbà á. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì àti físíìsì tí ó dà bí ìrìn àrè ti wúlò. Ó kọ́ yàrá ìwádìí kan tí a ti ń mọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1966. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti yé ni. Gbogbo ohun tí ó ní ẹ̀mí, igi, ẹran àti ènìyàn, ni ó ń gba èròjà kan tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14 sínú ara. Bí ọ̀pẹ bá kú, kò lè gba tuntun mọ́. Èyí tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5700, ìdajì rẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù. Nítorí náà, bí a bá hú èédú tàbí èkùrọ́ kan jáde nínú ilẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn ti dáná rí, a lè wọn ohun tí ó kù nínú rẹ̀, kí a sì mọ ìgbà tí wọ́n gbé ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n sọ pé Áfíríkà kò ní ìtàn máa ń sọ pé kò sí ìwé. Èédú kò nílò ìwé.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1966, níbi àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọnà adúláwọ̀ ní Dakar, wọ́n bu ọlá fún òun àti W. E. B. Du Bois, ará Amẹ́ríkà tí ó ti kú, gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹkọ̀wé tí ipa wọn pọ̀ jù lọ lórí ìrònú adúláwọ̀. Ní ọdún 1974, àjọ UNESCO pe àwọn onímọ̀ jọ sí ìlú Cairo lórí ọ̀rọ̀ Íjíbítì. Òun àti Théophile Obenga láti Congo ni wọ́n gbé ẹ̀rí kalẹ̀. Gbogbo wọn kò gbà, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán títí di òní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé kò yẹ kí a béèrè.

Kò gbàgbé èdè. Ní ọdún 1975, ó tún tẹ ìwádìí kan jáde láti fi hàn pé a lè kọ ìṣirò àti físíìsì ìgbà wa ní Wolof, gẹ́gẹ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Paris.

Ọdún 1981 ni wọ́n tó gbà á láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Dakar ní ìtàn. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọdún márùn-ún péré ni ó fi ṣe é. Ó kú ní Dakar ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1986, wọ́n sì gbé e padà sí Caytou láti sin ín. Ní ọdún 1987, wọ́n yí orúkọ yunifásítì náà padà. Yunifásítì Cheikh Anta Diop ni ó ń jẹ́ báyìí.