Joe Wood: Apá tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká náà ló já a kulẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni iwájú tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Òwe yìí bá ìtàn ayé Joe Wood mu rẹ́gí. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Apá rẹ̀ ọ̀tún ṣí ilẹ̀kùn ọlá fún un kí ó tó pé ọmọ ọdún 23, apá kan náà sì kẹ̀yìn sí i kí ó tó pé ọmọ ọdún 27.

Nínú eré béésìbọ́ọ̀lù, ẹnì kan máa ń ju bọ́ọ̀lù kékeré tí ó le sí ẹni tí ó di igi mú, ìyẹn yóò sì gbìyànjú láti fi igi náà gbá a. Bí ajubọ́ọ̀lù bá mọ̀ ọ́n jù débi pé igi kò bà á, agbára káká ni ẹgbẹ́ kejì yóò fi rí ayò jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá àti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń wá ọ̀dọ́ tí apá rẹ̀ le kiri bí ẹni ń wá owó. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe irin. Èjìká àti ìgúnpá ni ó ń jìyà gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó bá ti ọwọ́ náà jáde.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1889 ni wọ́n bí Wood ní ìlú Kansas City, ìpínlẹ̀ Missouri. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Boston Red Sox lọ́dún 1908. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yára débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Smoky, èyí tí ó túmọ̀ sí eléèéfín.

Ọdún 1912 ni ìràwọ̀ rẹ̀ tàn jù lọ. Ó borí nínú ìdíje 34, 5 péré ni ó pàdánù, 16 nínú àwọn tí ó borí sì tẹ̀lé ara wọn láìsí ìjákulẹ̀ láàárín. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ó kojú Walter Johnson ti Washington, akọni ajubọ́ọ̀lù ìgbà náà, Boston sì fi ayò 1 sí òdo borí. Nígbà tí ó di World Series, tí í ṣe àṣekágbá ọdún náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó borí New York Giants, Boston sì di ọ̀gá.

Nínú ariwo ayọ̀ yẹn, iṣẹ́ tí apá kan ṣoṣo ṣe kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Nínú ìdíje 38 tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, láìka World Series mọ́ ọn, 35 ni ó dá jù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ ọdún 22 ni.

Lọ́dún 1913, ó ń sáré lé bọ́ọ̀lù lórí koríko tútù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Ó padà sórí pápá, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni èjìká ti ń dùn ún. Kò sí iṣẹ́ abẹ tí ó lè tún irú apá bẹ́ẹ̀ ṣe láyé ìgbà náà. Pẹ̀lú ìrora, ó ṣì borí nínú ìdíje 15 lọ́dún 1915, 5 ni ó sì pàdánù. Nígbà tí ọdún 1916 dé, kò gbá bọ́ọ̀lù rárá.

Ẹlòmíràn ìbá ti fi eré náà sílẹ̀. Wood lọ sí Cleveland lọ́dún 1917, ó pa jíju tì, ó kọ́ bí a ṣe ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù àti bí a ṣe ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Cleveland tí ó gba World Series lọ́dún 1920. Ọdún 1922 ni ó fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e ni ó gbàrònú. Lọ́dún 1923, Yunifásítì Yale gbà á síṣẹ́, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ títí di 1942. Ẹni tí apá tirẹ̀ ti bàjẹ́ ní èwe ni wọ́n wá fi apá ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, Wood, ẹni ọdún 91, jókòó sí pápá Yale láti wo ìdíje Yale àti Yunifásítì St. John's. Abala eré 11 ni Ron Darling ti Yale fi ju bọ́ọ̀lù láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a dáadáa dé ibùdó àkọ́kọ́. Frank Viola ti St. John's náà kò jẹ́ kí Yale jẹ ayò kan. Ní abala kejìlá, St. John's borí pẹ̀lú ayò 1 sí òdo. Ọ̀dọ́ méjèèjì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìgúnpá Viola bàjẹ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún 1994.

Dókítà Frank Jobe ni ó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1974, nígbà tí ó mú iṣan láti apá ọ̀tún Tommy John, tí ó fi tún ìgúnpá òsì rẹ̀ ṣe. Odidi ọdún 1975 ni John fi jókòó sílé kí ó tó padà. Nítorí náà, àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n lára. Lọ́dún 2014, àwọn aláṣẹ béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde pé kí ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 19 sí 22 má ju bọ́ọ̀lù kọjá 120 lóòjọ́, kí ó sì sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Yunifásítì tí ó ń wá ajubọ́ọ̀lù tí ó bá wo eré sísá bọ́ọ̀lù nìkan, tí kò béèrè iye tí apá náà ti jù láti kékeré, ọjà tí kò yẹ̀ wò ni ó ń rà. Ọmọ náà ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Lọ́dún 1985, Yale fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Wood lọ́lá. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún kan náà, ó dágbére fáyé ní West Haven, ìpínlẹ̀ Connecticut, lẹ́ni ọdún 95. Ó fi bí àádọ́rin ọdún gbé ayé lẹ́yìn tí apá rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Bí ọjọ́ ògo apá ṣe kúrú tó nìyẹn, tí ọjọ́ ayé ẹni tí ó ni ín sì gùn.