Òkédìjí, ẹni tó fi Lápàdé dọdẹ olè

Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn tó kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè Yorùbá, olóògbé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kò ní gbẹ́yìn. Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1929, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ṣe.

Lọ́dún 1969 ni ìwé rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, jáde. Kì í ṣe ìtàn iwin inú igbó bíi ti Fágúnwà. Ọ̀daràn ìgboro ni Lápàdé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ń tọpa. Lápàdé tún padà dé nínú Àgbàlagbà Akàn lọ́dún 1971.

Lọ́dún 1981, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Atótó Arére jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, olè gan-an ni ìtàn dá lé: Àlàbá, ọmọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Òkédìjí jẹ́ kó yé wa pé ọlọ́pàá lè mú olè, ṣùgbọ́n inú ilé ni olè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó jáde láyé lọ́dún 2019. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.